Ẹsẹ̀ Nínú Omi, Orí Nínú Afẹ́fẹ́: Gbígbin Ewéko Àkúéríọ́mù fún Títà ní Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ewéko mẹ́ta ló wà nínú abọ́ mẹ́ta lórí tábìlì yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn yí ká, kí ọwọ́ gbogbo yín kàn wọ́n bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Abọ́ kìíní, ojú oró. Abọ́ kejì, òṣíbàtà. Àwọn méjèèjì yìí kò ṣàjèjì sí wa, inú àdúrà wa ni wọ́n wà: ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Abọ́ kẹta ni ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní lè dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ewé rẹ̀ dúdú minimini, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: ó le, kò rọ̀ bí ẹ̀fọ́. Ó jọ ewé kókò kékeré, bẹ́ẹ̀ ìdílé kókò náà ló ti wá, ìdí nìyẹn tí omi ara rẹ̀ fi máa ń mú kí ara ẹlòmíràn yún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń gé e.

Anubias ni orúkọ rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni Anubias barteri. Barter tó wà nínú orúkọ yẹn ni Charles Barter, onímọ̀ ewéko tó bá ìrìnàjò William Balfour Baikie, aṣàwárí ará Bìrìtìkó, gba Odò Ọya lọ ní 1857, tó sì kú sí Rabba, ìlú kan létí odò náà, ní 1859. Ilẹ̀ wa ni ewéko náà ti wá. Láti gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà wọ Kamẹrúùnù, ara òkúta àti gbòǹgbò igi létí odò kéékèèké inú igbó ló máa ń lẹ̀ mọ́. Lónìí, àwọn tó ń sin ẹja aláràbarà nínú àpótí gíláàsì tí à ń pè ní àkúéríọ́mù ní Jámánì, ní Japan, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi owó gidi rà á, ilé ìgbìn ní Dẹ́ńmáàkì, Nẹ́dálándì, Thailand àti Indonesia ló sì ń tà á fún wọn. Ohun tó ti ilẹ̀ wa lọ, òde ni wọ́n ti ń gbìn ín tà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, a sì gbà pé ó ṣeé tún ṣe.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká gbé ojú oró kúrò nílẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé bó ṣe pọ̀ lójú omi yẹn, owó ọ̀fẹ́ ni. Rárá o. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù (EU) ti kọ ọ́ sínú àkójọ ewéko tí kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn. 2022 ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, òfin sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Water hyacinth, olódòdó elésè-àlùkò tó máa ń bo adágún Ẹlẹ́yẹlé, ti wà níbẹ̀ láti 2016. Ohun tó bá ń pọ̀ bí iná ọyẹ́, ibi tí kò sí i máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Òṣíbàtà ní tirẹ̀, ọjà ni: èyí tí ewé rẹ̀ pọ́n tó ní àmì tóótòòtó lára ni wọ́n ń pè ní tiger lotus lọ́hùn-ún. Iṣu rẹ̀ kékeré, tí kò tó ẹyin adìẹ, ni wọ́n máa ń fẹ́, kì í ṣe ewé. Ẹ gbin ìyẹn sínú abọ́ tí omi rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ẹ máa gé ewé tó bá ti ń gun ojú omi, kí agbára lè padà sísàlẹ̀.

Wàyí o, ohun tó jẹ́ orí ọ̀rọ̀ wa. Ewéko tí wọ́n ń tà fún inú omi, òkè omi la ti ń gbìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, orí rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ ronú sí bó ṣe ń gbé nínú igbó: odò kún ní ìgbà òjò, ó bò ó, odò fà ní ẹ̀ẹ̀rùn, ewé yọ síta. Ìgbésí ayé méjèèjì ló mọ̀ ọ́n gbé.

Èrè rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó ń gbìn. Káábọ́ńdáíọ́ksáídì tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ máa ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú omi lọ. Nítorí náà ewé tó wà lókè ń jẹun yó láìjẹ́ pé ẹ ra gáàsì kankan fún un. Álíjì, ìyẹn ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ara kòtò, kò ní ráyè bá a. Ìṣáwùrú kò ní ráyè yé ẹyin sí i lára. Ewé náà sì máa ń gbó dáadáa, ó máa ń fara da ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ kan nínú páálí.

Ẹ ṣọ́ra o: ewéko kan wà tí kò gba ọ̀nà yìí. Vallisneria, Cabomba àti Ceratophyllum, inú omi ni wọ́n ń gbé títí. Tí ẹ bá gbé wọn síta, wọ́n á gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Cryptocoryne, tó wá láti Éṣíà, máa ń hù dáadáa lókè omi, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà bá rì í sínú omi, gbogbo ewé rẹ̀ lè yọ́ dànù láàárín ọjọ́ mélòó kan, kó tó wá hu tuntun. Ẹ sọ fún oníbàárà ṣáájú. Ẹni tí a kò bá kìlọ̀ fún yóò ní a ta òkú ewéko fún òun. Anubias kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé tó ní lókè ló máa mú wọ inú omi. Ìdí kan nìyí tí a fi ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi í bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kan pẹpẹ. Ìwọ̀n pákó tí ẹ máa rí lọ́jà, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ìyẹn bíi mítà 2.4 sí 1.2, ti tó. Ẹ kan etí yí i ká, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ tó ga dé ìbàdí kí ẹ̀yìn má baà máa ro yín. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sí i ní ìpele méjì, ẹ má gún un níṣòó níbikíbi tí omi máa dé. Ẹ da omi sí i kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi líta 86, ó sì wúwo tó kílò 86, nítorí náà ẹsẹ̀ mẹ́rin nìkan kò tó; ẹ fi méjì sí àárín. Ẹ fi irinṣẹ́ tí káfíńtà fi ń wo ìdọ́gba (spirit level) wò ó kí pẹpẹ dúró déédéé. Tí apá kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, igun kan á máa mu omi àmujù, igun kejì á máa gbẹ.

Kóòpù oníhò tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 la ń lò. Tí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 sáàárín kóòpù kan sí èkejì, láti àárín sí àárín, 288 ló máa gba orí pẹpẹ yẹn. Ohun tí ẹ máa rọ sínú kóòpù ni òkúta wẹẹrẹ tó tóbi tó hóró àgbàdo, tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, tàbí irun èèpo àgbọn tí ẹ ti rẹ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ sì ń pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ kí iyọ̀ àti àwọ̀ pupa rẹ̀ jáde. Ẹ má lo erùpẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò gba erùpẹ̀ wọlé, kòkòrò tó ń pa gbòǹgbò sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Oòrùn Ìbàdàn le jù fún un. Ẹ na nẹ́ẹ̀tì ìbòji tó dí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ sókè orí pẹpẹ, ní bíi mítà 2 sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ ọparun bí ọrun lórí pẹpẹ, kí ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́lẹ̀ bò ó, kí ọ̀rinrin má baà jáde. Ìwọ̀n ooru tó wù ú wà láàárín 22 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti kọjá 32 lábẹ́ ọ̀rá, ẹ ká etí ọ̀rá sókè. Láràárọ̀, ẹ ṣí i fún ìdajì wákàtí kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ibi tí ilẹ̀ wa ti rẹwà ni pé a kò jìnnà sí àárín ayé: ojúmọ́ wa máa ń tó wákàtí 12 tàbí kó sún mọ́ ọn jálẹ̀ ọdún, iná tí àwọn ará Yúróòpù ń sanwó rẹ̀ ní ìgbà òtútù kò kàn wá.

Omi ńkọ́? Orí àpáta la kọ́ Ìbàdàn lé, omi kànga àti bọ́hóòlù ibòmíràn sì máa ń ní irin nínú. Ẹ fa omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ jẹ́ kó sùn. Tó bá mọ́ nígbà tí ẹ fà á, tó wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú lówùúrọ̀, irin ni. Ẹ máa da á láti òkè sínú dúrọ́ọ̀mù kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, kó tòrò fún ọjọ́ kan, kí ẹ sẹ́ ẹ gba inú yanrìn. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní òògùn apakòkòrò nínú, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24. Omi òjò dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ da omi kànga pọ̀ mọ́ ọn ní ìdajì sí ìdajì, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé kí ẹ tó gbe. Ẹni tó bá fẹ́ lo kòtò sìmẹ́ǹtì tuntun, ẹ pọn omi kún un, ẹ dà á nù, léraléra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, nítorí ẹfun inú sìmẹ́ǹtì máa ń mú omi korò.

Oúnjẹ rẹ̀ ni ajílẹ̀ oníyẹ̀fun tó ń yòrò pátá nínú omi, irú 20-20-20 (náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ́táṣíọ́mù ní ìwọ̀n kan náà) tó ní irin àti àwọn èròjà kéékèèké. Ìdajì gírámù sí líta kan ti tó fún Anubias. Fún pẹpẹ wa, ìyẹn jẹ́ gírámù 43. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Á kàn máa rùn, álíjì á bo gbogbo pẹpẹ, amóníà á sì jó gbòǹgbò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fa omi pẹpẹ jáde pátá, kó gbẹ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ tó da tuntun sí i. Láti ẹyin, ó sábà máa ń gba tanwíjí tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó di ẹ̀fọn, nítorí náà ẹni tó bá ń fa omi ní gbogbo Sátidé kò ní sin ẹ̀fọn fún àdúgbò. Omi tí ẹ fà jáde, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ á gbà á tayọ̀tayọ̀.

Iṣẹ́ gígé ló kù, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìyá ewéko nù. Ẹ wo ìdí èyí tó wà nínú abọ́ kẹta. Ẹ ò ní rí igi tó dúró ṣánṣán, ohun tó nà gbọọrọ bí ìka atalẹ̀ ló wà níbẹ̀, ewé ń jáde lókè rẹ̀, gbòǹgbò ń jáde nísàlẹ̀. Ìka ni a máa pè é. Ẹ mú ìyá tí ìka rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi rí oríkèé ara rẹ̀, òrùka òrùka, níbi tí ewé àtijọ́ ti já bọ́. Lẹ́bàá òrùka kọ̀ọ̀kan, ojú kékeré kan máa ń sùn síbẹ̀ bí ojú iṣu.

Ẹ fi spírítì nu abẹ. Ẹ má lo sísọ́ọ̀sì, torí ó máa ń fún ẹran ara rẹ̀ pọ̀ kó tó gé e, ibi tó fún pọ̀ yẹn ló sì máa kọ́kọ́ jẹrà. Abẹ tuntun, kó já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gé e sí mẹ́rin, kí èyí tó ní ewé nínú wọn ní tó mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì ní gbòǹgbò díẹ̀. Ojú ibi tí ẹ gé gbọ́dọ̀ mọ́, kó le bí iṣu tútù. Tí ẹ bá rí àmì pupa rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀, ẹ tún gé e sẹ́yìn, ẹ nu abẹ, ẹ tún wò ó, títí ẹ ó fi dé ibi tó mọ́ lálá. Ẹ gé gbòǹgbò kù sí sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn fún ìdajì wákàtí kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ. Apá ìka tó bá ti pẹ́, tí kò ní ewé kankan, ẹ má sọ ọ́ nù: ẹ tẹ́ ẹ sórí irun àgbọn tó rin lábẹ́ ọ̀rá, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ojú tó ń sùn á jí, á yọ ọ̀mùnú.

Nígbà tí ẹ bá ń fi í sínú kóòpù, gbòǹgbò nìkan ló ń wọlẹ̀. Ìka gbọ́dọ̀ sùn sórí òkúta, kó rí afẹ́fẹ́. Ọwọ́ àgbẹ̀ máa ń fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe jẹrà. Anubias máa ń yọ ewé kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tí ẹ gé pẹ̀lú ewé mẹ́ta, tí ẹ fẹ́ tà nígbà tó bá ní méje, ẹ fi oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó kéré tán, sọ́kàn. Ó lọ́ra, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlọ́ra yẹn náà ló ń gbé owó rẹ̀ ró, torí kò sí ẹni tó lè kún ọjà lójijì. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ fún ewéko tó ń yára hù bíi Ludwigia, Rotala tàbí Hygrophila: ẹ gé orí wọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ tẹ̀ wọ́n bọ inú òkúta wẹẹrẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ tún ti ń gé e tà, márùn-ún márùn-ún ní ìdì kan. Ìyẹn á máa ra ajílẹ̀ nígbà tí Anubias ń dàgbà.

Kí ló máa ń bàjẹ́? Jíjẹrà ìka ni olórí. Ewé kan á kàn ṣàdédé bọ́ láti ìdí, tútù yọ̀yọ̀, láìpọ́n. Ẹ tẹ ìka náà: tó bá rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù, tó ń rùn, kòkòrò àìfojúrí ti wọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́ lórí pẹpẹ lójú ẹsẹ̀, nítorí omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Ẹ gé e dé ibi tó le, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún oṣù kan. Òùngbẹ ajílẹ̀ náà ní èdè tirẹ̀, ewé ló sì fi ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ewé àgbà ló kọ́kọ́ ń pọ́n, náítírójìn ló ń fẹ́, torí ewéko máa ń fà á kúrò lára àgbà fún ọmọ. Tó bá jẹ́ ewé ọmọ ló ń pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, irin ló ń fẹ́, torí irin kì í kúrò lára ewé àgbà. Ihò wẹẹrẹ lára ewé àgbà, pọ́táṣíọ́mù ni. Ní ìgbà ọyẹ́, etí ewé á gbẹ, á ká kò. Ẹ dé ọ̀rá dáadáa, ẹ máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ tagbáratagbára. Ẹ má lọ máa wú ewéko nínú odò láti tà. Ẹni tó bá fẹ́ ìyá ewéko, ogún péré tó, kó gé apá kan ìka kó fi ìyókù sílẹ̀ lára òkúta. Ogún yẹn, tí ẹ bá gé e sí mẹ́rin mẹ́rin, ó ti di ọgọ́rin. Èyí tí wọ́n wú nínú odò máa ń gbé ìṣáwùrú àti eṣúṣú wá, ayẹ̀wò ni wọ́n ti máa dá a padà. Ìṣáwùrú kan náà ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, tó máa ń gba ara ẹni tó wọ omi wọlé. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá gbọ́dọ̀ wọ omi. Odò Ọ̀nà àti Ògùnpa, ìdọ̀tí ìlú ló ń ṣàn nínú wọn; kò sí ìyá ewéko tí a ń wá níbẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ tà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀nà ìgò wà, ìyẹn sísọ ègé kékeré ewéko di púpọ̀ nínú ìgò tí kòkòrò kò sí (tissue culture). IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn níbí láti 1967, àti NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú irúgbìn ní Moor Plantation, ti ń fi ìgò sọ iṣu, gbágùúdá tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ di púpọ̀. Ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Oúnjẹ inú ìgò ni ti Murashige àti Skoog, tí wọ́n kọ jáde ní 1962: ẹ fi ṣúgà gírámù 30 àti agar (ìyẹ̀fun tó ń mú un dì) gírámù 7 sí líta kan, ẹ tún pH (ìwọ̀n kíkan) rẹ̀ ṣe sí 5.8, kí ẹ tó sè é nínú ìkòkò onítẹ̀ (pressure cooker) ní ìwọ̀n ooru 121 fún ìṣẹ́jú 20. Òkè ọ̀mùnú ni wọ́n ń gé. Wọ́n á rì í bọ ọtí ìdá 70 fún ìdajì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà bílíìṣì tí wọ́n ti fi omi là, ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́yìn náà omi tí wọ́n ti sè, ẹ̀ẹ̀mẹta. Anubias máa ń ṣorí kunkun níbẹ̀, torí kòkòrò àìfojúrí máa ń sá pamọ́ sínú ìka rẹ̀ níbi tí bílíìṣì kò dé. Ìgò tó mọ́ lọ́sẹ̀ kìíní lè ṣú lọ́sẹ̀ kẹta. Ìyá tí a ti gbìn lókè omi fún oṣù mẹ́fà, tí omi kò kan ewé rẹ̀, máa ń mọ́ ju ti odò lọ fíìfíì.

Ọjọ́ ìdì dé. Ẹ yọ gbogbo ewé tó pọ́n. Ẹ yo álọ́ọ̀mù, ṣíbí ìjẹun kan sínú omi líta 4, ẹ rẹ ewéko sínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kí ìṣáwùrú tó bá ti sá wọlé lè kú, ẹ ṣàn án nù. Ẹ gbọ̀n ọ́n kí omi rẹ̀ ro. Ìwé tó rin ni ẹ máa fi wé gbòǹgbò, kò gbọdọ̀ máa kán. Omi tó dúró sísàlẹ̀ ọ̀rá ló ń jẹ ewéko rà lọ́nà, kì í ṣe òùngbẹ. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá kó wú, ẹ dì í, ẹ tò ó sínú àpótí fóòmù, ẹ má fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ lórí. Kí ẹ tó dì í rárá, ẹ bi oníbàárà ohun tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ń béèrè, torí ohun tí òfin wọn bá kọ ni NAQS, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ọ̀gbìn ní Nàìjíríà, máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa ọjà sí òkè òkun, kí ọjọ́ tó pé. Orúkọ Látìn ni ẹ kọ sára àpótí, pẹ̀lú iye tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá ewéko mẹ́fà ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tábìlì yìí, abẹ tuntun àti spírítì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbọ̀wọ́ sì wà nínú páálí. Ẹ bọ́ síwájú ní méjì méjì, kí ẹ wá gé e.